Àlá Tí N Kò Lá

Bí ẹ bá rí mi ní Mápó tàbí ní Bẹẹrẹ, tí ẹ sì fẹ́ kí mi pé, "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́," ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí mo kọ yìí tán ná. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi tó ti rà, mo sì ti ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu ara mi nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gbàdúrà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa sáré níwájú òtítọ́. Èmi Evelyn Ayọ̀délé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Ìbàdàn yìí ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí à ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe dé orí àga tí mo jókòó lé. Mo jí i ni.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ìgbákejì kóòṣì lábẹ́ Ọ̀gá Hezekiah. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ pápá, èmi ni mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù, èmi náà ni mò ń lọ bẹ àwọn bàbá tó ní ọmọ àwọn ò ní wọ ṣòkòtò péńpé níta. Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìntì, àwọn èèyàn ti ń kí mi kú oríire kí ìwé tó jáde. Ìwé jáde, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Adéyẹ́misí. Adéyẹ́misí! Ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù lulẹ̀ láìwo ọwọ́. Ó lọ kàwé eré ìdárayá ní yunifásítì, ó sì padà wá di ọ̀gá mi. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé kò gbéra ga. Ì bá gbéra ga, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Àárọ̀ kan kò ní í mọ́ kó má kúnlẹ̀ kí mi níṣojú àwọn ọmọ, "Ẹ káàárọ̀, mà. Àǹtí, ẹ bá mi wo nǹkan tí mo fẹ́ ṣe lónìí, ojú yín ló mọ̀ ọ́n." Bó bá ti kúnlẹ̀ báyìí, àyà mi gan-an ló máa ń dà bíi pé ó kúnlẹ̀ lé.

Lọ́dún tó kọ́kọ́ gbaṣẹ́, àmì ayò kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń lù wá ṣáá. A ó ṣáájú, a ó ṣáájú, ó di ìgbà tí rẹfirí bá fẹ́ fọn fèrè ìkẹyìn kí nǹkan tó dàrú. Àwọn ọmọ á máa sunkún nínú bọ́ọ̀sì, èmi náà á fi ìborùn nu ojú, àmọ́ ẹ̀rín ni mò ń fi í bò. Mo mọ ohun tó ń ṣe wá. Adéyẹ́misí máa ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí bọ́ọ̀lù bá bá lọ́wọ́ jù ú níparí, kò yan ẹnì kan. Mo mọ̀ ọ́n, mo panu mọ́. Ó pa dà rí i fúnra rẹ̀. Ó mú Dámilọ́lá, ọmọ Kúdẹtì kan tí kò ga púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, òun ni kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fún. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ni ọmọ náà ní, ó máa ń ṣiyèméjì kó tó jù ú. Èmi ni mo wo ìyẹn sàn. Bó bá ti di bọ́ọ̀lù mú tó ń wo òréré, màá kígbe láti orí bẹ́ǹṣì pé, "Ó yá!" Á jù ú, á sì wọlé. Ó di àṣà láàárín àwa méjèèjì, kò sì sí ohùn ẹlòmíràn tó ń ṣiṣẹ́ fún un bíi tèmi. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì kan, àmì méjì na àwọn ẹlòmíràn nìyẹn, Adéyẹ́misí ni gbogbo ayé sì ń yìn.

A gbá a títí a fi dé àṣekágbá láàárín àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀gá àgbà wa pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì. Ó kọjú sí Adéyẹ́misí, ó ní, "Kóòṣì, mo ti gbọ́ 'díẹ̀ ló kù' tó. Bí ife ẹ̀yẹ yìí bá tún bọ́ lọ́wọ́ wa, Misis Ayọ̀délé ni màá gbé ipò yẹn fún." Nígbà tí a jáde, Adéyẹ́misí di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi o." Mo ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́." Mo ti ń wo bí àga náà ṣe máa rí lábẹ́ mi.

Lọ́sẹ̀ àṣekágbá yẹn, mo lọ gba jésì àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìyá Dámilọ́lá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Aránṣọ ni, òun ló ń rán sùtánà funfun fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí Aládùúrà ni àwa méjèèjì, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan náà la sì wà. Ó ti rán nọ́ńbà sára jésì tuntun, ó lọ̀ wọ́n, ó ká wọn jọ. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Àǹtí Evelyn, ẹ bá mi kí Kóòṣì Adéyẹ́misí o. Ọlọ́run ló gbé obìnrin yẹn dìde fún ọmọ mi. Kó tó dé, ta ló mọ Dámilọ́lá?" Ta ló mọ Dámilọ́lá! Èmi tí mo rí i nígbà tó ń ju bọ́ọ̀lù onírọ́bà mọ́ ògiri ilé wọn. Èmi tí mo ń pe "ó yá" fún un. Owú gbà mí lọ́kàn. N kò pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ n kò ní fi ìyẹn ṣe àwáwí. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ìyá Dámilọ́lá, mo lá àlá kan nípa ọmọ yín."

Kí ẹni tí kì í ṣe ará wa lè mọ ohun tí mo ṣe: ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í fi àlá burúkú pamọ́ fún ẹni tí a lá a nípa rẹ̀. Ẹni tó lá a gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀, a kì í sì í bi àgbà pé ṣé lóòótọ́ lẹ lá a. Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́, mà, ẹ má fi bò." Mo ní, "Mo rí i níbi àṣekágbá. Àkókò ti ń tán, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe gbọ́wọ́ sókè tó jù ú, bẹ́ẹ̀ ló ṣubú. Wọ́n ń pè é, kò dáhùn." Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ìgékù aṣọ, ó ń ké, "Kò ní rí bẹ́ẹ̀! Lórúkọ Jésù, kò ní rí bẹ́ẹ̀! Dámilọ́lá ò lọ mọ́!" Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn. Bí kò bá lọ, wọ́n á wádìí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Kó gbá a dáadáa, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn nìkan ni kó má jù. Kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ má sì sọ fún Kóòṣì o, Áńgílíkà ni wọ́n, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni." Ẹ wo bí mo ṣe wọ̀n ọ́n tí mo gé e! Ìyá Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ kì í gé aṣọ ṣe rẹ́gí báyẹn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ojú tí ẹ fi ń ríran ò ní fọ́." Mo ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì Dámilọ́lá wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ní, "Àǹtí, ṣé èmi gan-an lẹ rí?" Mo wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, "Ìwọ ni."

Ọjọ́ pé. Oòrùn ọ̀sán mú, èrò kún. Dámilọ́lá gbá a bí ẹni tó ń sá fún nǹkan. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmì kan ni wọ́n fi ṣáájú wa. Adéyẹ́misí tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹfirí, ó kó àwọn ọmọ jọ, ó ń ya bí wọ́n ṣe máa ṣe é sórí pátákó kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ó yà á dé ìdajì, ó dúró. Ó sún mọ́ mi, ó sọ sí mi létí pé, "Àǹtí, ara Dámilọ́lá ò balẹ̀. Ṣé kí n gbé e fún Waliyat ni?" Waliyat ni ọmọ gíga tó ń dúró lábẹ́ àwọ̀n, gbogbo èyí tó jù lọ́jọ́ náà ló ń wọlé. Ẹ dúró síbí yìí pẹ̀lú mi. Irọ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn lè ní ẹnu ló yọ̀. Níbí, ẹnu kò yọ̀. Ẹni tí mo gbẹ́ kòtò sílẹ̀ dè ló ń bi mí pé ọ̀nà wo ni kí òun gbà. Mo ní, "Waliyat kẹ̀? Dámilọ́lá ni. Ta lo tún fẹ́ gbé e fún?" Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó yà á parí.

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọ inú pápá. Waliyat dínà mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ Dámilọ́lá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yà á, Dámilọ́lá sì gba bọ́ọ̀lù níwájú àwọ̀n láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ náà dúró. Ó yíjú sí bẹ́ǹṣì, kì í sì í ṣe Adéyẹ́misí ló ń wò, èmi ni. "Ó yá" wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Ó ju bọ́ọ̀lù sí Waliyat tó kẹ̀yìn, tí kò retí nǹkan kan. Ó bà á léjìká, ó yí jáde, fèrè dún.

Adéyẹ́misí kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn bi í pé, "Dámi, kí ló dé tí o ò jù ú?" Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ̀rù bà mí." Níwájú ọ̀gá àgbà, Adéyẹ́misí ní, "Èmi ni mo yàn án, ẹ̀bi mi ni." Kò dárúkọ mi. Mo wà níbẹ̀, mò ń wo bàtà mi. Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba Ìsẹ́yìn lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama. Ìyá Dámilọ́lá wá gbé èso ọpẹ́ lọ síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó jẹ́rìí fún gbogbo ìjọ pé àlá Àǹtí Evelyn ni kò jẹ́ kí òun sin ọmọ òun. Wọ́n kọrin, wọ́n fà mí síwájú, mo sì jó. Ẹ gbọ́ mi? Mo jó. Dámilọ́lá kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní bí òun bá gbọ́wọ́ sókè, àyà òun á já. Èmi di kóòṣì. Àmì kan náà ni wọ́n ṣì fi ń lù wá.

Lọ́dún yìí, Deborah àbúrò Dámilọ́lá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa. Ìyá wọn mú un wá bá mi, ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, ó ní, "Àǹtí, mo fa èyí náà lé yín lọ́wọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá rí nípa ẹ̀, ẹ sọ fún wa o. A ó gbọ́." Mi ò lè dúró mọ́. Mo kúnlẹ̀ tèmi náà, mo ní, "Ìyá Dámilọ́lá, mi ò lálàá. Owú ni. Irọ́ ni mo pa." Obìnrin náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ń gbé mi dìde. Ó ní, "Haà, Àǹtí, èṣù ló fẹ́ kí ẹ sẹ́ ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún yín. Ṣebí ọmọ mi wà láyé? Ẹ̀rí wo ló tún kù?" Gbogbo bí mo ṣe ń búra ló ń ṣàdúrà fún mi. Irọ́ mi ti lágbára ju òtítọ́ mi lọ.

Mo pe Adéyẹ́misí lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún Dámilọ́lá?" Kò béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Kò bú mi. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rántí. Ẹ má bá mi sọ ọ́ o: bí mo ṣe jókòó tí mò ń sunkún yẹn náà, mo tún jowú rẹ̀.

Mo lọ sí Bẹyẹrúnkà. Dámilọ́lá dá ẹ̀rọ dúró, ó gbọ́ mi tán. Òun gbà mí gbọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rí mi nígbà tí mo wò yín?" Mo ní mo rí i. Ó ní, "Mo ti pinnu pé bí ẹ bá pe 'ó yá', màá jù ú. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ lá a, bí ẹ bá lè pè é, á jẹ́ pé àdúrà ti gbà. Mo dúró dè yín, mà." Ó tún ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ.

Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí Adéyẹ́misí ní Ìsẹ́yìn kó wá gba ipò rẹ̀ padà, bó bá máa gbà. Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ bá mi jó, ẹ dárí jì mí. Adéyẹ́misí, dárí jì mí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé o ti ṣe bẹ́ẹ̀, èyí sì ń dùn mí. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ yín lè jowú yín, ọwọ́ kan náà ló sì lè fi ṣe méjèèjì. Bí àgbà bá gbé àlá wá bá yín, ẹ gbàdúrà sí i, àmọ́ ẹ wo ojú àgbà náà dáadáa pẹ̀lú.

Dámilọ́lá, ìyá rẹ kò gbà, nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbi tí gbogbo Ìbàdàn á ti kà á. N kò lá àlá kankan. Kò sí ohun tó ń dúró dè ọ́ lókè ọwọ́ rẹ. Mo ti pẹ́ jù, mo mọ̀, fèrè ti dún. Síbẹ̀, ọmọ mi, gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ó yá.