Èmi Ni Mo Sún Ẹṣin Tíṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ mú bàbá kan kúrò nílé rẹ̀, èmi ni mo sì fà á.

Olùkọ́ ni mí ní Ìkàrẹ́. Bàbá tí mò ń wí, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó tí ogun méjì ti máa ń dojú kọra, tí ẹni tí ọba rẹ̀ bá há sì ti pàdánù.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Èmi nìkan ni obìnrin. Àwọn ọkùnrin á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Bọ́lá, ṣé ẹ ò ní ọbẹ̀ lórí iná ni?" Tíṣà nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò jẹ́ kí n na òun rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìkọlù mi dára gan-an. Mo ti gbé ayaba mi dé ẹnu ọ̀nà ọba rẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ojú ibi tí mo fẹ́ bọ́ sí. Mo wò ó títí. Kò sọ́nà.

Òjò bá ṣú. Ìyàwó rẹ̀ ti sá láfún sórí àpáta lẹ́yìn ilé, ni gbogbo wọn bá sáré lọ bá a kó o. Ó ku èmi àti pátákó. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo kàn rí ọwọ́ mi tó gbé ẹṣin náà sójú kejì.

Wọ́n padà dé. Tíṣà wo pátákó fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyá Bọ́lá, ṣé ibí ni ẹṣin mi wà?"

"Ibẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e síbẹ̀ kí òjò tó dé."

"Ó dáa," ló wí.

Mo gbé ayaba mi wọlé, ọba rẹ̀ há. Àwọn ọkùnrin pariwo. Tíṣà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo kú iṣẹ́.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àṣé kò parí. Ní Sátidé kejì, ó ti to eré náà padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ààbò òun ti já. Gbogbo bí èmi àti òun ṣe ta á ló ti há sórí.

"Wò ó," ló wí, "ẹṣin ò lè gba ibí dé ibẹ̀ yẹn. Ẹṣin kì í rìn bẹ́ẹ̀."

Mo rò pé ọwọ́ ti tẹ̀ mí nìyẹn. Ni bàbá bá gbé ọwọ́ lé orí: "Àfi tó bá jẹ́ pé mo ti gbàgbé nǹkan."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, Sátidé dé Sátidé. Ó sú mi débi pé mo máa ń kanra mọ́ ọn, èmi tí mo jẹ̀bi! Nígbà tó yá, ó dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò dúró. Kò gun máṣíìnì rẹ̀ wá sí Ìkàrẹ́ mọ́. Tó bá wá kọ́kọ́rọ́ tì, irú èyí tó ń ṣe gbogbo wa, á ní ọpọlọ òun ti ń lọ nìyẹn. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbàdàn náà nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Dìde. Àánú mi ló ń ṣe ọ́. O ò lè ṣe irú ẹ̀."

Mo búra. Ó ní kí n má fi Ọlọ́run búra nítorí arúgbó. Mo tún lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé pátákó síwájú rẹ̀, mo fi bí mo ṣe sún ẹṣin hàn án. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ ọmọ dáadáa. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sunkún nínú takisí títí mo fi délé.

Ọmọ rẹ̀ ti wá báyìí. Ó ní òun máa mú un lọ sí Ìbàdàn. Ìyá ní òun ò lè fi oko òun sílẹ̀, nítorí náà, bàbá nìkan ló ń lọ. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú: "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó gbà. Tiyín nìkan ló ń gbọ́." Mo ní kò burú. Ẹ ò rí i? Mo ní kò burú!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé eré lásán ni. Ṣé kí n pe gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn jọ, kí n sọ ọ́ lójú wọn? Ṣé ọmọ rẹ̀ ni kí n sọ fún? Bó bá bi bàbá, bàbá á ní mò ń bo òun láṣìírí ni. Ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ dákun, kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, ẹ sọ fún mi: báwo ni mo ṣe lè sọ òótọ́ fún ẹni tó gbà mí gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ?