Mo Ní Wọ́n Ti Gbé Gìtá Kọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bi mí léèrè orúkọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mélòó kan. Mo fẹ́ tú u jáde báyìí torí Múfútáù fẹ́ gbé gìtá rẹ̀ tà.

Mo ní ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Bódìjà. Ẹ jẹ́ n yin ara mi díẹ̀: tó bá di ká mọ orin tó dáa, etí mi mú. Àwọn ẹgbẹ́ olórin tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ò mọ̀ pé wọ́n wà láyé, àwọn ni mo máa ń wá kiri, dé Ojóo, dé Mọ́níyà. Agbowó ni mo ti rí Múfútáù àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tí wọ́n ń fi gìtá tí wọ́n fi wáyà so kọrin. Kí orin kan tó parí, mo ti mọ̀ pé mo rí wúrà.

Mo kó wọn wá sọ́gbà mi. Èrò ń ti Challenge àti Ring Road wá wò wọ́n. Mo ń yan fanda bí ẹni tó bí wọn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ àwo l'Ékòó gbọ́ ìròyìn wọn, ó wakọ̀ wá. Inú ààwẹ̀ ló dé. Mùsùlùmí ni gbogbo àwọn ọmọ yẹn, wọn kì í fọwọ́ kan ohun èlò orin nínú ààwẹ̀ títí dọjọ́ Ìtúnu. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀gá náà, kò tiẹ̀ rántí ààwẹ̀.

"Àwọn ọmọ yẹn dà?"

"Wọ́n ti gbé gìtá kọ́, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni. Ara ògiri yàrá Múfútáù ni gìtá wà lóṣù yẹn. Àmọ́ ọ̀gá náà ní, "Háà! Wọ́n fi orin sílẹ̀?" Mo mi orí, mo ní ó mà ṣe o. Ibẹ̀ ló ti di irọ́. Mo fún un ní bíà tútù, ó mu, ó lọ, kò padà mọ́.

Ẹ̀rù ló bà mí pé bí wọ́n bá dé Èkó, wọn ò ní bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo rí wọn, mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ tèmi. Anìkànjọpọ́n ni mí, ẹ bá mi wí. Ó dùn mí gan-an.

Kò sẹ́ni tó tún wá láti Èkó. Àwọn tó kù túká díẹ̀díẹ̀, ó wá ku Múfútáù, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé èmi nìkan ni mo ka àwọn sí.

Níjẹta, ó wá kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ kan ní Ìwó Road ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Mo ti rẹ́ni tó máa ra gìtá. Ká sọ tòótọ́, ká ní orin wa dára ni, ẹnìkan ìbá ti wá láti Èkó."

Mo ní kó jókòó jẹun.

Orin wọn dára! Mo ṣì lè fi orí mi búra. Ẹnu mi ló bà á jẹ́, ẹnu yìí náà ni màá fi tún un ṣe, kí ó tó gbé gìtá yẹn fún oníbàárà. Bó bá gbá mi létí, ó tọ́ sí mi. Ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé ẹnìkan wá?