Ìbọn Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Àgbà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ǹ bá má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Alàgbà ìjọ wa lóṣù tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Alàgbà ni wọ́n gbà mí sílé wọn ní Mission Bend nígbà tí mo dé Houston ní Amẹ́ríkà, tí n kò mọ ẹnì kankan. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 1986, iléeṣẹ́ epo tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní Deer Park dá wọn dúró. Iṣẹ́ ṣẹ́kúríti ló kù, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ìbọn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn. Èmi ni igbákejì olùkọ́ níbi tí wọ́n ti wá kọ́ ọ. Ẹ má bi mí léèrè irú ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ wọn o. Ọ̀gá mi á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á fi fíìmù hàn wọ́n, á sì lọ jókòó ti kọfí rẹ̀. Ìyókù di tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ta ló máa kawọ́ gbera tí àgbà á máa ki ọta bọ ìbọn? Bí mo ṣe ń gba báàgì lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ṣe gba ìbọn náà. Mo ki ọta sí i, mo gbé e fún wọn. Wọ́n yìn ín tán, mo tún gbà á, mo yọ ọta tó kù. Wọn kò fọwọ́ ara wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọta kan kò sì ba bébà tí à ń yìnbọn sí.

"Ọmọ mi, ṣé mo páàsì?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ọmọ tí wọ́n lè bí, ń wò wá. Mo ní, "Ẹ ti páàsì, sà." Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo yìnbọn sí bébà mìíràn fúnra mi, mo kọ orúkọ wọn sí i.

Lóṣù tó kọjá, Alàgbà ń nu ìbọn iṣẹ́ wọn nílé, wọ́n rò pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ó dún. Ọta fò kọjá lórí Màmá, ìyàwó wọn, ó wọ ògiri kíṣìnnì. Bí Màmá kò bá bẹ̀rẹ̀ mú ìkòkò ni, òkú là bá máa sin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Èmi náà ké e.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ bá Alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́.

"I knew," ni wọ́n wí. "Ojú ló ń tì mí láti bi ọ́. Dìde, jàre. Kọ́ mi dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, má sì pè mí ní sà títí màá fi mọ̀ ọ́n."

Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. A ti lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí. Mo ń fọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń yọ ọta fúnra wọn, bébà sì ti ń rí ọta he. Mo tún ti ń wá àwọn mìíràn tí wọ́n gba ọwọ́ mi kọjá, kí n lè tún wọn kọ́.

Ó wá ku Màmá, tí kò tíì mọ̀. Alàgbà ní èmi ni kí n sọ ọ́. Màmá ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀tá náà, wọ́n sì ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi pé mo dúró ti ọkọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹun, pé ọ̀tá náà rèé níwájú wọn, ó ti ronú pìwà dà?