Ọta Pupa Méjì Tí Mo Yọ Nínú Ìbọn Nathaniel

Láti Fiditi dé Ilora, láti Imini dé Akinmorin, ẹ kó gbogbo ọmọ ìyá yín tó wọṣẹ́ ológun jọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè ki ọta bíi tèmi, Amos Akínwándé. Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, ẹ jẹ́ kí òjò máa rọ̀ lé mi lórí, kí ẹ tó sín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti parí. Ohun tí mo fi ń yangàn kiri láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Òun náà ni mo sì fi ṣe ìkà. Mo gbé e mì títí, kò lọ. Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Lọ́jọ́ Ajé ni dókítà ní Ọ̀yọ́ yóò là mí nítorí ìpá, ẹ̀rù sì ń bà mí dé mùdùnmúdùn: bí mo bá sùn lórí tábìlì yẹn tí n kò jí mọ́, ta ni yóò bá mi bì í? Ẹ jẹ́ kí n bì í nísinsìnyí tí ẹnu ṣì jẹ́ tèmi.

Ní ọdún 1992, èmi àti Nathaniel, ọmọ Ilora, jọ wà lójú ogun ní Làìbéríà. A jọ wọṣẹ́ ni, abọ́ kan náà la sì ń jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà afárá. Sájẹ́ńtì Yúnúsà, ọ̀gá tó ń pín ọta, fi irin já àpótí igi, ó sì ń tú ọta jáde nínú páálí kéékèèké. Orúkọ ló ń pè. Ẹni tó bá pè á buwọ́ lùwé, á dojú àkẹtẹ̀ irin rẹ̀ sókè, á sì gba ọta sínú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé ṣe ń gba ẹ̀wà. Mágásíìnì méjì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé irin pẹlẹbẹ tí a ń to ọta sí kí a tó fi há ìbọn lábẹ́. Ogún ni ilé kan ń gbà, ṣùgbọ́n Sájẹ́ńtì ń pariwo lórí wa: "Méjìdínlógún! Ẹni tó bá ki ogún ń dá irin tó ń ti ọta sókè nínú rẹ̀ lágara! Ẹ nù ún gbẹ, ẹ má fi epo sí i, epo ló ń pe iyanrìn! Pupa méjì ni kó kọ́kọ́ wọlé!" Pupa tó ń wí yìí ni ọta tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn lẹ́nu. Bí o bá yìn ín, á fa iná pupa lójú òfurufú. Ọta tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń gbẹ̀yìn jáde, nítorí náà, bí o bá ti rí iná pupa, o mọ̀ pé ilé ti fẹ́ ṣófo, kí o yáa sùn sílẹ̀ kí o pààrọ̀. Ta ní lè ka ọta nígbà tí wọ́n ń yìnbọn fún un? Pupa méjì yẹn ló ń bá wa kà á.

Mo ti ki tèmi tán kí Nathaniel tó ki ìdajì. Ó ní, "Amos, ṣé ọta lò ń kì ni, àbí ẹ̀pà lò ń jẹ?" Mo rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni ẹ̀rín yẹn. Ìgbẹ́ gbuuru ti mú mi láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ afárá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti sáré wọ igbó. Ṣe ni Nathaniel ń kígbe tẹ̀ lé mi: "Akọni Fiditi! Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ò sí níbi tí ò ń sá lọ yẹn o!" Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ki tirẹ̀ tán, ó gbé ìbọn rẹ̀ tì mí, ó ní, "Bá mi wò ó, mo fẹ́ lọ bu tíì fún wa." Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní, Amos, méjìdínlógún mà kéré.

Ọwọ́ tí mo fi ń yangàn ni mo fi ṣe é. Mo yọ mágásíìnì lábẹ́ ìbọn ọ̀rẹ́ mi, mo ta gbogbo ọta inú rẹ̀ dà sórí itan mi, mo sì ki mẹ́wàá padà. Mẹ́jọ ló kù lórí itan mi. Nígbà tí mo máa wò ó, pupa méjì wà nínú wọn. Ẹ gbọ́ o, mo rí wọn! Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí àwíjàre pé n kò rí wọn. Kí n ta mẹ́wàá yẹn síta, kí n fi pupa sísàlẹ̀, kí n tún wọn kì, kò ju kí ẹ sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ṣùgbọ́n Nathaniel ti ń bọ̀, ife tíì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan tèmi. Mo há mágásíìnì padà. Mo fi méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan tèmi, mo kó ìyókù sápò. Mo gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "O ṣé, ọ̀rẹ́ mi." Mo mu ún o! Ó tilẹ̀ dùn. Kò pẹ́, inú mi tún yí, mo gbé ìbọn tèmi tì í, mo sì sáré wọ igbó lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ dojú ìjà kọ wá lẹ́nu afárá, n kò tíì pe Jésù tó bó ṣe yẹ tí iná pupa fi fò jáde lẹ́nu ìbọn mi. Ẹnu yà mí. Ogún mà ni mo kì! Mo ní ẹ̀rù ló ń fa ìka mi. Mo figbe ta: "Nathaniel, tèmi ti pupa o!" Ó dáhùn pé, "Pààrọ̀ rẹ̀! Tèmi ò tíì pupa, mo ń bò ọ́!" Ni ọmọkùnrin bá dìde dúró gbọnin nítorí mi, ó ń yìn ín. Lójijì, ìbọn rẹ̀ ní, "Kẹ́." Ó tún fà á. "Kẹ́." Ó wo ìbọn, ó wò mí. Kò bínú, ó dà bí ẹni tí àtẹ̀gùn yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Amos, kò pupa." Ibẹ̀ ni ọta wọn ti bà á lórúnkún.

Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn, òótọ́ nìyẹn, òun ni ìdajì òtítọ́ tí gbogbo Fiditi mọ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. A délé, wọ́n sọ mí di akọni. Nathaniel di aránbàtà ní Ilora, ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń tún bàtà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣe. Ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Amos. Lọ́dọọdún ni ìyàwó rẹ̀, Mobọ́lá, ń fi iṣu ránṣẹ́ sí "ẹni tó gbé ọkọ mi délé." Èmi náà á di ọsàn sínú àpò, máa lọ kí wọn. Bí wọ́n bá ti pe ọmọ yẹn lórúkọ mi báyìí, màá ti máa wá ọ̀nà ilé.

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ilora. Nathaniel ń rán bàtà, Mobọ́lá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìpá kò gbà, mo bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àpò gàrí tó ṣubú. Mo rò ó fún wọn pátá, mẹ́jọ, pupa méjì, títí dórí tíì. Mo ní, "Bí ẹ bá fẹ́ ké sí àdúgbò, ẹ ké sí wọn. Ẹ ṣáà forí jì mí kí wọ́n tó là mí." Nathaniel gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó bi mí pé, "Amos, ẹ̀ẹ̀melòó lo wọ igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà?" Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta." Ó ní, "Nígbà kẹta yẹn, mo yọ ọta mẹ́fà lórí mágásíìnì ìbọn tìẹ." Mo ní kí ló wí? Ó ní, "Mẹ́fà. Mo rò ó pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó báyìí kò ní yìn ín tán. Nínú àpò ṣòkòtò tí wọ́n gé mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ni wọ́n wà. Gbogbo ìgbà tí o bá gbé ọsàn dé, àyà mi á já, mo rò pé o ti mọ̀ ni. Kí lo rò pé ó mú kí n sọ ọmọ mi ní orúkọ rẹ?"

A kọ́kọ́ wo ara wa bí ewúrẹ́ méjì tó pàdé lórí igi afárá. Ni ẹ̀rín bá bú, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Ó dì mọ́ mi, mo dì mọ́ ọn, ó ní òun ti forí jì mí, mo ní mo ti forí jì í. Ara mi fúyẹ́ débi pé mo gbàgbé ìpá. Mo pe Amos kékeré, mo na ìka sókè bí oníwàásù, mo ní, "Ọmọ mi, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bẹ̀rù ẹ̀rù ju ìbọn lọ! Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe sọ ìkà méjì di ayọ̀ kan—" Mobọ́lá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò nítan rẹ̀, ó dìde, ó gbé atẹ.

"Bọ̀dá Amos," ó ní, "ẹsẹ̀ ọ̀hún ò tíì hù."