Òyìnbó tí kò sí lábẹ́ ògiri

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, n kì í lè jókòó síbì kan pẹ́. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi sọ ọmọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sórí ìkànnì yìí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo ń tún fóònù ṣe ní Talinding, lẹ́bàá Banjul. Mo tún máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí rédíò kan lókè òkun. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Fajara, tí ẹsẹ̀ obìnrin òyìnbó kan rọ́, ṣe ni wọ́n ń pè mí ṣáá. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òjò wó ilé méjì ládùúgbò wa. Ọ̀kan jẹ́ ti Pa Modou, bàbá tí mo háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ ògiri, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn àlejò ló ń gbé ilé kejì, mo sì ti rí i tí gbogbo wọ́n sá jáde.

A pe panápaná títí, wọn ò wá. Mo pe rédíò pé bí wọ́n bá kéde rẹ̀, ìjọba á gbọ́. Ọkùnrin tó gbé fóònù bi mí bóyá òyìnbó wà níbẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní òun á pè mí padà. Kò pè.

Inú bí mi. Mo tún pè é, mo ní, "Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, obìnrin òyìnbó. Ilé kejì ló ń gbé."

Kíá ni wọ́n kéde rẹ̀. Panápaná dé, sójà dé. Ọ̀gá wọn ní, "Túbáàbù yẹn dà?" Bí wọ́n ṣe ń pe òyìnbó níbí nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ pé irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù àtìmọ́lé bà mí. Mo nawọ́ sí ilé kejì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń wú. Pa Modou ń bẹ̀ wọ́n pé ìyàwó òun wà lọ́hùn-ún, sójà tì í sẹ́yìn. Èmi tí mò ń bínú sí rédíò, mo dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́; òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé ó jọ pé olùkọ́ náà ti rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ọmọbìnrin Pa Modou ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin. Lánàá, bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo pe àwọn tó bá wa gbé ìyàwó mi jáde," ó ní. "Ọmọ yìí, toma rẹ ni."

Toma ni ọmọ tí wọ́n fi orúkọ èèyàn sọ. Ó di tèmi nìyẹn, bí ìgbà tí mo bí i.

Lọ́la, wọ́n á fá irun rẹ̀, ìmáàmù á sì sọ orúkọ mi sí i létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún bàbá yìí kí wọ́n tó pe orúkọ náà? Ìyá àgbà tó yẹ kó gbé ọmọ náà jókòó ti lọ, èmi ni wọ́n ní kí n wá gbé e.