Kọ̀ǹpútà Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fọwọ́ Kàn

[Ọ̀wọ̀, 1998. Fóònù ń dún.]

CHRISTOPHER: Hẹ́lò? Ọ́fíìsì kańsù nìyí.

MOJÍBỌ́LÁ: Bọ̀dá mi, ẹ káàsán o. Mojí ni.

CHRISTOPHER: Àbúrò mi! Ṣé kò sí? Iṣẹ́ tíṣà ńkọ́?

MOJÍBỌ́LÁ: A dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Olúgbádé kúrò nílé láàárọ̀ yìí?

CHRISTOPHER: Ọmọ mi? Ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù wá sí sukúù yín. Kí ló dé?

[Gíláàsì fọ́. Ariwo.]

CHRISTOPHER: Kí nìyẹn? Mojí, ṣé o gbọ́ mi?

MOJÍBỌ́LÁ: Mò ń gbọ́. Ọ́fíìsì pirinsípà ni mo wà, mo ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ SS Three wà níta, wọ́n fẹ́ fọ́ kọ̀ǹpútà tó wà níbí.

CHRISTOPHER: Pirinsípà fúnra rẹ̀ ńkọ́?

MOJÍBỌ́LÁ: Ó ti gba ọ̀nà Èmùrè sá lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ló dúró dí wọn lọ́nà. Wọ́n ti ṣá a lórí, bọ̀dá. Ó wà nílẹ̀ níbí. Mo fi gèlè mi dì í, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń—

CHRISTOPHER: Jésù! Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe fún wọn?

MOJÍBỌ́LÁ: Látìgbà tí wọ́n ti kó o dé, aṣọ ni pirinsípà dà bò ó. Àwọn ọmọ tó yàn láàyò nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Àwọn tó kù, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wò ó. Òwúrọ̀ yìí ló wá ní wọn ò ní kàn án títí wọ́n á fi jáde ní sukúù.

CHRISTOPHER: Pe police now!

MOJÍBỌ́LÁ: Mo pè, wọn ò gbé e. Bọ̀dá... ṣé ẹ gbọ́ mi? Olúgbádé ló mú àáké dání.

CHRISTOPHER: Irọ́ ni!

MOJÍBỌ́LÁ: Ohùn ẹ̀ ni mò ń gbọ́—

[Àáké ń ba ilẹ̀kùn. Igi ya. Igbe.]

MOJÍBỌ́LÁ: Gbádé, má ṣe é! Bàbá rẹ ló wà lórí fóònù! Gbà á! Gbà!

OLÚGBÁDÉ: [ó ń mí hẹlẹ] Dádì.

CHRISTOPHER: Ìwọ lo ṣá tíṣà rẹ?

OLÚGBÁDÉ: Wọn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n, Dádì.

CHRISTOPHER: Gbádé—

OLÚGBÁDÉ: Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí ò bá mọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ló máa wà. Ọwọ́ mi ò kàn án rí! Not even once!

CHRISTOPHER: Mo gbọ́. Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ mi? Ju àáké yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé tíṣà yín lọ sí ọsibítù. Mò ń gbé mọ́tò bọ̀.

[Àáké bọ́ sílẹ̀.]

OLÚGBÁDÉ: Mo ti jù ú sílẹ̀.

CHRISTOPHER: O ṣeun. O ṣeun, ọmọ mi.

OLÚGBÁDÉ: Dádì, Ọlámúyìwá, ọmọ kíláàsì wa, ti mú àáké náà. Múyìwá! Àǹtí mi nìyẹn! Àǹtí Mojí, ẹ kúrò níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ kú—

[Gíláàsì fọ́. Mojíbọ́lá ké.]

CHRISTOPHER: Mojí? Gbádé! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ—

[Fóònù já.]