Alángbá Tó Rí Eyín Ràbí

Nígbà tí eyín ẹnu mi ṣì pé, tí mo ń fi wọ́n gé gbànja bí ẹni ń gé iṣu sísè… ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀. Bísí, ìwọ náà, sọ ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́nu. Eyín tí o ń bò yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.

Ràbí, ìyá ìyá rẹ, ló kọ́kọ́ ni ín nílé yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ẹgbẹ́ sì ni wá. Eyín kan ni, lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iwájú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣe ṣóńṣó bí ata wẹ́wẹ́. Àwọn yòókù rí bí eyín èèyàn.

Láyé ìgbà yẹn, bí eyín ọmọdé bá yọ, a ó jù ú sórí òrùlé, a ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Kí la ń sá fún? Alángbá! Wọ́n ní bí alángbá bá rí ojú ibi tó ti yọ, òmíràn ò ní hù dáadáa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba gbogbo ohun tí fóònù bá sọ gbọ́… Bí ti Ràbí ṣe hù bẹ́ẹ̀, àdúgbò ti dájọ́: alángbá ti rí i. Ìyá rẹ̀ ń búra, 'Mo fọwọ́ ara mi bò ó lẹ́nu!' Ta ló gbọ́?

Ó wá di pé Sàlámì, ọmọ ìlú Símáwà, fẹ́ fẹ́ Ràbí. Ràbí náà fẹ́ ẹ, kò tilẹ̀ lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ mọ́. Ni ìyá Sàlámì bá wá wo ìyàwó. A wà ní àgbàlá, à ń bó obì. Obìnrin náà fi ìborùn bo ẹnu, bí ó ti máa ń ṣe, ó ní kí Ràbí lanu.

'Yéè! Ọmọ tí alángbá ti rí! Kó wá bí ọmọ eléyín ata fún mi? Ó tì o. Sàlámì, dìde!'

Sàlámì ò dìde, ilẹ̀ ló ń wò. Ọkùnrin! Ràbí ń sunkún sórí obì.

Èmi ńkọ́? Mo ti sá kúrò níléèwé tipẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ alángbá. Akọ kan wà lórí ògiri, olórí pupa. Mo kúnlẹ̀ fún un.

'Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ẹ̀yin lẹ rí eyín Ràbí?'

Ó mirí. Ó tún mirí.

'Ẹ rí i!' Ìyá Sàlámì pariwo. 'Ó jẹ́wọ́!'

'Ẹ ṣeun, bàbá. Ti ìyá ọkọ ńkọ́? Ṣé ẹ rí ìyẹn náà?'

Ó mirí.

Gbogbo ojú lọ sára ìborùn yẹn. Ìyá Ràbí ti na ọwọ́ láti gbá mi létí. Sàlámì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bínú, ẹ̀rín borí ìbínú, ìborùn bọ́… Háà! Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n di ọ̀kan gbàgàdà, bí gbànja tí wọn ò tíì là!

'Ọmọ burúkú,' ó ń nu ojú, 'ó ti pẹ́ tí mo ti ń bò ó fún wọn!' Ó mú gbànja kan nínú agbọ̀n wa, ó là á, ó fún Ràbí ní apá kan. Ó parí.

Bísí, ìwọ wá fẹ́ lọ sí Ìlíṣàn, kí dókítà eyín fi nǹkan funfun bo tìrẹ kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó. Àbúrò rẹ yìí sì fẹ́ kí wọ́n fi ayùn la èjí sí tirẹ̀. Ẹni tó ní ń bò ó, ẹni tí kò ní ń rà á. Ayé yìí… Máa lọ, n ò dí ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ ná, láìbo ẹnu. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó dìde, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Alángbá ò tíì tán lórí ògiri.